Ilà Tó Wà Lára Igi Máńgòrò

Ọjọ́ tí Àdùní kọ́kọ́ rí Ọláolú, ẹsẹ̀ lásán ló wà. Ọkùnrin náà bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó tẹ koríko, ó mú un lọ́wọ́, ó ń rìn jẹ́jẹ́ káàkiri ilẹ̀ tí bàbá Àdùní ṣẹ̀ṣẹ̀ rà létí ọ̀sà ní Agblangandan, lẹ́bàá Kùtọ́nu. Òun ló máa ya àwòrán ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Oṣù Ṣẹẹrẹ ni, ilẹ̀ gbẹ táútáú.

Ó dé ìdí igi máńgòrò kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ ilà aláwọ̀ amọ̀ kan tó yí igi náà ká níwọ̀n orúnkún. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

"Kí nìyẹn?" Àdùní bi í.

Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni. Ẹ ò mọ̀ pé obìnrin ni igi yìí?"

Àdùní rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kó tó padà délé, ọkàn rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Bàbá rẹ̀, Adélékan, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Kùtọ́nu, ti fi ọgbọ̀n ọdún bá igbó jà. Ní ilé rẹ̀ àtijọ́ ní Akpakpa, sìmẹ́ńtì ló dà bo gbogbo àgbàlá. Ewé kan kò gbọdọ̀ já bọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olówó ti yí ohùn padà. Ilé tí kò bá ní igi nínú pálọ̀ ti di ilé tálákà. Bẹ́ẹ̀ ni Adélékan ṣe di ọ̀rẹ́ igbó lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀.

"Natúrẹ́ẹ̀lì ni mo fẹ́, bí Ọlọ́run ṣe dá a!" ló wí fún Ọláolú. "Kí ògiri jẹ́ gíláàsì. Kí igi máńgòrò yẹn wà láàrin pálọ̀, kó yọrí lókè òrùlé. Kí pálọ̀ àti koríko dọ́gba, mi ò fẹ́ àtẹ̀gùn kankan. Ta ló ń gun àtẹ̀gùn lọ kí ìṣẹ̀dá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni Ọláolú wí.

Àdùní ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin méjì ti wá tọrọ rẹ̀ ṣáájú. Èkíní sọ pé ọkọ̀ Adélékan ń mu epo jù. Èkejì sọ pé táì bàbá náà kò bá ẹ̀wù rẹ̀ mu. Àwọn méjèèjì kò tún rí ẹnu ọ̀nà ilé náà mọ́. "Ayé mi," ni Àdùní wí, ó rọ̀ mọ́ ọrùn Ọláolú, "bí o bá fẹ́ fẹ́ mi, má sọ 'rárá' fún bàbá mi."

Láàrin oṣù márùn-ún, ilé náà parí. Gíláàsì rẹ̀ mọ́ débi pé àwọn ẹyẹ ń forí sọ ọ́, wọ́n ń kú sẹ́yìn ògiri. Adélékan ní wọ́n wá kí òun ni. Wọ́n fi fáníṣì kun igi máńgòrò, ilà ara rẹ̀ kò pa rẹ́. "Ẹ fi sílẹ̀," ni bàbá wí. "Ẹwà rẹ̀ nìyẹn."

Inú pálọ̀ yẹn ló ní kí wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ní oṣù Òkúdu. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá Ọláolú àti àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Kétu. Adélékan ní kí gbogbo wọn bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lè mọ òkúta àdánidá tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti Ítálì.

"Ilé yìí dára o," ni ìyá ọkọ ìyàwó wí, ó ń wo ọ̀sà lójú gíláàsì. "Àmọ́, ẹ̀yin ará Kùtọ́nu, ṣé omi yẹn ò sún mọ́ wa jù?"

Omi kò kan ilẹ̀kùn. Ó yọ́ wọlé lábẹ́ gíláàsì, ó tutù, ó bá wọn lẹ́sẹ̀ nídìí àga.

"Ẹ ò rí i?" ni Adélékan wí. "Ìṣẹ̀dá náà wá bá wa yọ̀!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá ká ìró sókè, wọ́n sá jáde sójú ọ̀nà. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, omi ti dé orúnkún, ó sì dúró. Àdùní wo igi máńgòrò. Orí ilà yẹn gan-an lomi dúró sí, bí onílé tó ti ìrìn àjò dé.

"Ọláolú. O mọ̀."

Ó dorí kodò. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìwọ lo ní kí n má sọ 'rárá' fún wọn."

"Lórí táì ni mo sọ ọ́! Ọláolú, lórí táì!"

"Mo rò pé lẹ́yìn ìgbéyàwó..."

"Lẹ́yìn ìgbéyàwó kí ni? Kí gbogbo wa jọ máa fi korobá gbọ́n omi?"

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Nítorí rẹ ni, Àdùní mi."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ilé tèmi bá fẹ́ rì, wàá rí i, wàá sì sọ fún mi pé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni."

Orí tábìlì ni Adélékan jókòó sí, ṣòkòtò rẹ̀ ká dé itan. "Ọmọ mi," ló pe Ọláolú, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "gíláàsì tó nípọn ju èyí lọ máa dá a dúró, àbí?"

Ọláolú wo Àdùní, ó wo bàbá. "Rárá, Bàbá. Kò sí gíláàsì tó lè dá a dúró. Ilé omi la kọ́lé sí."

Rárá àkọ́kọ́ tó sọ nínú ilé náà nìyẹn. Ọkàn Àdùní sáré lọ bá a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ lé e.

Bàtà ọkùnrin náà ń léfòó lẹ́bàá igi. Àdùní mú un, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó kó o lé e lọ́wọ́.

Ọláolú kò wọ̀ ọ́. Ó mú un lọ́wọ́ bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ń wọ́ omi lọ jẹ́jẹ́. Àdùní dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó ń wò ó títí ó fi dé ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ.