Òórùn Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa ọmọ náà. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò wúkọ́, kò kọ ọmú. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó yíjú láti mú aṣọ. Ìgbà tó máa bojú wẹ̀yìn, ọmọ ti lọ. Láti ọjọ́ náà ni ilé ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ mẹkáníìkì, ti dàrú.

Kò pẹ́ tí wọ́n sin ín ni òórùn burúkú kan bẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀. Ara àga tìmùtìmù àlòkù tí wọ́n rà ló ti ń wá, èyí tí ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń bá wọn gbé máa ń jókòó sí. Aránṣọ kì í ṣe ọ̀bùn. Fíríìjì àlòkù tí wọ́n rà pẹ̀lú àga náà ń rùn bí ẹja tó ti bàjẹ́ nígbà tó dé. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi gbígbóná ló fi fọ̀ ọ́, ó kó èédú sínú rẹ̀, òórùn sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àga yìí! Ó bu ìyẹ̀fun sódà sí i, ó fi fínígà nù ún, ó gbé e sóòrùn. Á rọlẹ̀. Tó bá tún ṣe díẹ̀, òórùn á dé.

Obìnrin kan wà nílé kejì tí wọ́n ń pè ní Gbọ́yìí-Sọ̀yìí. Ó yọjú wọlé, ó fa imú.

"Ìyàwó, òórùn àlòkù kì í padà tó bá ti lọ. Èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ ni. Ta ló ń jókòó síbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ aránṣọ lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ó rí i tó ń yọ́ jáde, tó di nǹkan sábẹ́ ìró, tó forí lé ẹ̀yìnkùlé. Ẹyẹ ńlá kan ké lórí òrùlé, ìyá náà sì ta gìrì bí ẹni tí wọ́n ká mọ́. Aránṣọ sáré wọlé. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ̀ ń gbé lọ sẹ́yìnkùlé láàárọ̀ kùtù?" ni mẹkáníìkì bi ìyá rẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan."

"Ọmọ mi kú, ilé mi ń rùn, ẹ ní kò sí nǹkan! Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni?"

Ìyá wolẹ̀ títí. "Tó o bá ní èmi ni, èmi náà ni. Àjẹ́ ni mí. Ṣé ó tán?"

Gbọ́yìí-Sọ̀yìí, tó ti fetí mọ́ fèrèsé, figbe ta. "Ó ti jẹ́wọ́ o!"

Mẹkáníìkì sunkún bí ọmọdé. Ó ní kí ìyá òun kẹ́rù, òun á lọ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹbí. Ó wá ọkọ̀ lọ. Ìyá di báàgì rẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò jókòó.

Aránṣọ ní tòun, iná ló fẹ́ sọ sí àga náà. Ó wọ́ ọ dé ẹ̀yìnkùlé, ó fi àlùmọ́gàjí ya ìbòrí rẹ̀. Kò bá ìyẹ́, kò bá ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ló bá, tí wọ́n fara balẹ̀ tẹ́ sábẹ́ ìbòrí, àti àkísà fífọ̀ tí wọ́n ṣẹ́ léra wọn. Tìmùtìmù abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ìtọ̀ ni. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa: nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìtọ̀ kì í dúró lára òun náà, ó sì ń fọ aṣọ rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́.

Ó sáré bá ìyá lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀. Kò lè gbójú sókè.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ò sọ? Ẹ wá gbà kí wọ́n pè yín ní àjẹ́!"

"Rọra sọ̀rọ̀," ni ìyá wí. "Wọ́n á bẹ̀rù àjẹ́. Arúgbó tó ń tọ̀ sára ńkọ́? Ẹ̀rín ni wọ́n á fi í rín. Má jẹ́ kí ọmọ mi gbọ́." Ó di báàgì rẹ̀ mú ṣinṣin. "Ọmọ yín tó lọ yẹn, mo sunkún rẹ̀ títí. Inú yàrá ni mo ti ń sun ún, kí n má baà dá kún tiyín."

Aránṣọ ì bá wọlẹ̀ ká ní ilẹ̀ lanu. Ibẹ̀ ni mẹkáníìkì ti gbé ọkọ̀ dé. Àwọn aládùúgbò ti pé láti wòran, Gbọ́yìí-Sọ̀yìí sì wà níwájú wọn. Aránṣọ dìde.

"Ẹ pa ọkọ̀ yẹn," ó wí fún ọkọ rẹ̀. "Màmá ò lọ ibì kankan. Èmi ni mò ń tọ̀ sí àga, láti ìgbà tí mo ti bímọ. Màmá ló ń bá mi fọ àkísà rẹ̀. Ojú ló ń tì mí."

"Ikú ọmọ wa ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹni tí mo máa dì í rù ni mò ń wá kiri."

Mẹkáníìkì wo ìyá rẹ̀. Ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó dorí kodò, ó gbé e padà wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin méjèèjì jọ ń lọ sílé ìwòsàn. Gbọ́yìí-Sọ̀yìí nahùn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀: "Atọ̀ọlé! Ó di ibo?"

Ìyá dúró, ó yíjú padà, ẹnu rẹ̀ ti là láti sọ̀rọ̀. Aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"À ń bọ̀ o," ó dáhùn, wọ́n sì ń bá ọ̀nà wọn lọ.