Àlùwàlá Bàbá Mi

Ìbéèrè ni Adéróunmú fi kí mi lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, ìbéèrè ọ̀hún ò sì dùn mọ́ mi nínú.

"Ta ló fọ ojú Bàbá?"

Ọdún 1987 ni, ní ọsibítù kan n'Ìbàdàn tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ. Bàbá mi, Sùlàímọ́nù, tó ń rán agbádá l'Agbowó, ní kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òsì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi mú wọn wá lọ́jọ́ tó ṣáájú, Adéróunmú, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìtànṣán, fi tàdáwà fa ìlà sójú wọn láti fi mọ ibi tí ìtànṣán yóò gbà. Ìlà ti pòórá.

Mo ní Bàbá ló fọ̀ ọ́ fúnra wọn, ìgbà márùn-ún ni wọ́n ń ṣe àlùwàlá lójúmọ́. Ọmọ Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni Adéróunmú, kò rántí àlùwàlá nígbà tó ń fa ìlà náà.

Ó ṣàlàyé pé kọ̀ǹpútà ló bá òun ṣírò ọ̀nà tí ìtànṣán yóò fi jó kókó náà láìkan ẹyinjú. Bí ìlà bá fi díẹ̀ yẹ̀, ojú lè lọ. Ó wá bẹ Bàbá kí wọ́n má fomi kan ojú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí, "kí kókó náà kúkú wà níbẹ̀."

Mo ní ààfáà lè gbà kí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ ṣe àlùwàlá dípò omi. Bàbá ní àìsàn àwọn ò tíì tó ti oníyẹ̀pẹ̀. Orí kunkun Bàbá mi, ẹ fi sílẹ̀.

Mo jáde lọ sunkún. Télọ̀ tí kò ríran, kí ló kù fún un? Adéróunmú bá mi níta, ó ní kí n fún òun lọ́jọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó fi ohun funfun tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó kán wọn ojú Bàbá, ó fi ike ṣe ìbòjú tó bá a mu rẹ́gí, ó sì tún ìṣirò rẹ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Orí ìbòjú ló fa ìlà sí. Bí ẹ̀rọ bá ti ṣe tán, Bàbá á bọ́ ọ, wọ́n á béèrè bútà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, Adéróunmú bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ojú ìwé kan náà ló ń mú wá lójoojúmọ́. Mo mọ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín sínú, torí èmi náà ti fẹ́ràn rẹ̀ kọjá ààlà.

"Àbẹ̀kẹ́," ó ti gbọ́ oríkì mi lẹ́nu Bàbá, "fẹ́ mi. Mi ò ní ní kí o fi ìrun rẹ sílẹ̀."

Kókó lọ, ojú méjèèjì ń ríran. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, àbúrò Bàbá, Àkànó, wá láti Ṣakí, ó ní ọmọ Mùsùlùmí kì í fẹ́ onígbàgbọ́. Ó sọ̀rọ̀ títí. Ó wá bi Bàbá léèrè ohun tí wọ́n rí lára ọmọ náà.

Bàbá fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrun kan ò bọ́ lọ́wọ́ mi."

Bàbá yíjú sí mi.

"Àbẹ̀kẹ́, sọ fún un kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kí wọ́n má wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè o, wọ́n á fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."