Ẹwìrì Béjidé

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ wọ Òṣogbo, gbogbo ìlú tú síta. Níbi tí kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà ti ń há mọ́ra wọn lónìí, àwọn ìjòyè jókòó lábẹ́ agboòrùn nínú ẹtù àti sányán, àwọn obìnrin ró aṣọ aláró tó ṣì ń rùn fún ẹlú, àwọn ọmọdé sì gun orí igi. Obìnrin Iléṣà kan dá dúró sẹ́yìn èrò, ó gbá ìdì kan mọ́ àyà. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó mí kanlẹ̀, tí èéfín funfun tú jáde lábẹ́ rẹ̀, àwọn èèyàn pariwo. Obìnrin yìí ní tirẹ̀ dáhùn pé, "Hòo!" àfi bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ pè láti yàrá.

Sẹ̀gilọlá lorúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Béjidé, alágbẹ̀dẹ tí àdá rẹ̀ gbayì káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Sẹ̀gilọlá ló máa ń fi ẹwìrì fẹ́ iná fún un. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà kú, wọ́n jọ wà ní àgbẹ̀dẹ. Béjidé ní, "Máa fẹ́ ẹ, má síwọ́." Sẹ̀gilọlá kò síwọ́, kò sì wẹ̀yìn. Ìgbà tí irin bẹ̀rẹ̀ sí í jóná ló tó mọ̀ pé ẹni tó yẹ kó fà á yọ ti fara ti ògiri, ó ti lọ.

Ní agbo ilé tiwọn, bí alágbẹ̀dẹ bá kú, wọ́n á fi ọ̀bẹ la ẹwìrì rẹ̀, wọ́n á sì sin ín tì í. Wọ́n gbà pé bí ẹwìrì bá ṣì ń fẹ́, ẹni tó ni ín kò lè dìde nídìí iná. Àmọ́ ó dá Sẹ̀gilọlá lójú pé èémí ìkẹyìn ọkọ òun wà nínú awọ yẹn. Kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó pọ́n ọ̀bẹ tán, ó ti dì í sínú aṣọ, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó di Òṣogbo.

Mikail oníṣẹ́ awọ ló lọ bá, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, ẹni tí Béjidé rọ gbogbo ọ̀bẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún. Ó bá a nínú ìrònú. Òyìnbó kan láti Áíláǹdì, lára àwọn tó la ojú irin, ní fèrè alápò kan. Àyà òyìnbó náà kò lágbára, nítorí náà kì í fi ẹnu fọn ún: ẹwìrì kékeré kan lábẹ́ apá ọ̀tún rẹ̀ ló ń rọ afẹ́fẹ́ sínú àpò tó wà ní abíyá òsì. Òjò ti ba ẹwìrì àti àpò náà jẹ́. Mikail fi awọ màlúù ṣe òmíràn. Ó tóbi, ó wúwo, ó ń yọ̀ kúrò lábẹ́ apá. Ó tún fi awọ ewúrẹ́ tuntun ṣe é, afẹ́fẹ́ ń jò lójú rírán.

"Kékeré ni mo fẹ́," òyìnbó náà ti wí fún un, pẹ̀lú Yorùbá tó kọ́ lẹ́nu àwọn lébìrà. "Kékeré, kó má jò."

Sẹ̀gilọlá tú ìdì rẹ̀. Mikail fi àtàǹpàkò tẹ awọ inú rẹ̀. Òrí tí wọ́n ti ń fi pa á láti ọdún pípẹ́ ti jẹ́ kó rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Ojú Mikail yí padà.

"Ìyàwó wa, ṣé kì í ṣe ẹwìrì Béjidé nìyí?"

"Òun ni, Bàbá Rùkáyà."

"Àsítágàfúrúláì! O ò jẹ́ kí wọ́n là á?"

"Ẹ gé e, ẹ rán an fún òyìnbó yín. Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ."

"Ẹni tó ti lọ sílé, kí lo tún ń pè é padà sẹ́nu iṣẹ́ sí?"

"Kò sọ fún mi pé òun ń lọ sí ulé," ni Sẹ̀gilọlá fi ohùn Ìjẹ̀ṣà dá a lóhùn. "Ó ní kí n má síwọ́ ni."

Bóyá àánú ló ṣe Mikail o, bóyá awọ dáadáa ló wọ̀ ọ́ lójú, ó gbà á. Ó gé e níwọ̀n tí ìgbọ̀nwọ́ lè fún mọ́ ìhà, ó yọ àpò lára ìyókù, ó fi òwú tó ti fi ìda oyin pa rán méjèèjì. Ó so ìdérí awọ pẹlẹbẹ kan mọ́ ihò, kí afẹ́fẹ́ tó bá wọlé má lè padà. Òyìnbó dè é mọ́ra, ó fi ìgbọ̀nwọ́ fún un mọ́ ìhà. Kò jò rárá. Kí fèrè tó dún, àpò náà mí: hììn. Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Bí Béjidé ṣe máa ń mí kó tó gbé òòlù sókè gan-an nìyẹn.

Mikail fún un ní yàrá kan lágbolé rẹ̀, nítòsí ilé òyìnbó. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni fèrè ń dún. Lákọ̀ọ́kọ́, inú Sẹ̀gilọlá dùn débi pé ó ń bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni Béjidé bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Bí àpò bá ti mí báyìí, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti bàǹtẹ́ awọ rẹ̀, òógùn ń kán lára rẹ̀ láìkan ilẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, kò sì sí òòlù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jókòó díẹ̀," Sẹ̀gilọlá bẹ̀ ẹ́.

Kò jókòó. Ó kàn ń wò ó bí alágbàṣe ṣe ń wo ẹni tó ni oko, tó ń retí kó ní ó tó. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ba obìnrin náà, ojú sì tì í ju bí ẹ̀rù ti bà á lọ. Òun ló fi ọkọ rẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́ tí kò lópin.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Mikail wá sọ fún un pé òyìnbó ń lọ. Ọkọ̀ ojú irin yóò gbé e dé Èkó, yóò ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílẹ̀ wọn. Sẹ̀gilọlá mú ọ̀bẹ kan lórí àtẹ Mikail, èyí tí Béjidé fúnra rẹ̀ rọ, ó sì gba ibùdó ọkọ̀ lọ.

Wọ́n ń kó èkùrọ́ àti òwú sínú ọkọ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń wáṣẹ́ lọ sí Èkó ń juwọ́ sí ìyá wọn. Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀ níwájú òyìnbó, ó bẹ̀ ẹ́ kó fọn ọ́n fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó dè é mọ́ra. Àpò mí. Béjidé yọ láàárín èrò, eérú bò ó, èjìká rẹ̀ ti wó.

Sẹ̀gilọlá yọ ọ̀bẹ, ó la ẹwìrì, ó la àpò. Èémí tó ti inú rẹ̀ jáde fẹ́ sí i lójú. Ó gbóná, ó ń rùn fún èédú àti òrí.

"Ẹ dìde, ọkọ mi," ó wí. "Uṣẹ́ ti tán. Mo ti síwọ́."

Béjidé sọ apá rẹ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sórí àpò èkùrọ́ kan, ó simi, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́.

Òyìnbó já awọ náà dànù pẹ̀lú ìbínú, Sẹ̀gilọlá sì ṣà á sínú aṣọ rẹ̀. Ọlọ́pàá mú Sẹ̀gilọlá lọ sí kóòtù, wọ́n bi í bóyá orí rẹ̀ pé, ó ní ó pé, wọ́n sì ní kó máa lọ sí ìlú rẹ̀. Ọkọ̀ ti lọ ní tirẹ̀. Ó kó èkùrọ́ lọ, ó kó òwú lọ, ó kó ọmọ ọlọ́mọ tí ọ̀pọ̀ wọn kò padà wálé mọ́. Béjidé nìkan ni kò bá a lọ.

Sẹ̀gilọlá gbé awọ náà padà sí Iléṣà, ó sì sin ín ti ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó nínú àgbẹ̀dẹ tó ti tutù, ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó fẹ́ fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn, ó sì sunkún rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.