Ìfẹ́ Delia àti Ambrose ní Èbúté New York

Ẹrẹ̀ èbúté ló yọ Delia Tierney ṣubú tòun tapẹ̀rẹ̀ aṣọ tó rù. Ambrose Pruitt, aláwọ̀ dúdú kan tó ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi, ló fà á dìde. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ọ̀dà ọwọ́ òun ti ta sí i láṣọ. Delia rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti Ireland dé, ẹnì kan ò tíì bẹ̀ ẹ́ rí.

Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Malachy, ni Delia ń gbé. Nígbà tí àwọn ará Ireland daṣẹ́ sílẹ̀ léèbúté, àwọn aláwọ̀ dúdú lọ̀gá gbà dípò wọn, ọ̀rọ̀ náà ò sì tán nínú Malachy. Nígbà tó gbọ́ nípa Ambrose, ó búra pé bóun bá rí àwọn méjèèjì pọ̀, òun á sin ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ìlú dàrú nítorí òfin tó ń fipá kó àwọn ọkùnrin lọ sójú ogun. Àwọn ará Ireland ń sun ilé àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n ń lù wọ́n pa ní títì. Ambrose sáré wọ ibi tí Delia ti ń fọṣọ, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Delia fi í pamọ́ sẹ́yìn àwọn aṣọ tó sá.

Malachy tọpa ẹ̀jẹ̀ wọlé tòun ti kùmọ̀.

“Ibo lo gbé e sí?”

“Bọ̀ọ̀dá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ máa lọ sílé.”

Ó gbá a létí, Delia ṣubú lulẹ̀. Malachy fa aṣọ ya, ó rí Ambrose, ó sì la kùmọ̀ mọ́ ọn. Egungun èjìká Ambrose dá. Bó ṣe tún gbé kùmọ̀ sókè, Delia bu omi tó ń hó lórí iná, ó dà á sí i lójú.

Malachy ké, ó wólẹ̀.

“Delia, èmi ọmọ ìyá ẹ?”

“Mo mọ̀,” ni Delia wí, ó ń sunkún, ó fa Ambrose jáde.

Wọ́n wọ ọkọ̀ sọdá odò. Pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú kan ló so wọ́n pọ̀. Ará ilé Delia kankan ò wá.

Ambrose bi í bóyá ó kábàámọ̀.

“Mo gbọ́ pé ojú ẹ̀gbọ́n mi ọ̀kan ti fọ́, olólùfẹ́ mi. Bó bá tún gbé kùmọ̀ sí ẹ, màá tún ṣe é. Ṣùgbọ́n má ní kí n rẹ́rìn-ín lónìí.”

Ambrose fi ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dì í mú.