Esenam Fẹ́ Bá Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Ṣeré

Àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé kan ní ìlú Anloga, ní Gánà, ń ṣe eré ampe nígbà ìsinmi ọ̀sán. Wọ́n ń fò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Esenam, ọmọ ọdún méje, nìkan ló dúró ti ògiri, tòun ti aṣọ alápá gígùn nínú oòrùn. Ìyá rẹ̀, Dzigbordi, gbé oúnjẹ wá, ó sì rí i tó ń rọra fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bí ẹni tó wà láàárín wọn.

"Kí ló dé tí o ò bá wọn ṣeré?"

"Wọ́n ní kúrúnà ló wà lára mi, pé yóò ràn wọ́n."

Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń họ kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún títí yóò fi ṣẹ̀jẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wu ìyá pé kí ara yìí sinmi fún ọjọ́ kan péré.

Ìdí nìyẹn tó fi ra ìpara lọ́wọ́ akirità kan. Kò sí orúkọ lára ike rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Nígbà tó tán, ìyúnra pa dà lákọ̀tun, awọ ara ọmọ di fẹ́lẹ́, ojú egbò ń ṣomi, ibà sì dé. Wọ́n bá gba ilé ìwòsàn lọ.

Nọ́ọ̀sì Kafui fi ọwọ́ lásán di ọwọ́ Esenam mú. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ ò bẹ̀rù pé ó máa ràn yín?"

"Kì í ràn, ọmọ mi. Ẹ́síìmà ni, àrùn awọ ara tó máa ń yúnni."

Dzigbordi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nu ojú rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ṣé oúnjẹ tí mo jẹ nínú oyún ló fà á?"

"Rárá, ẹ̀yin kọ́. Omi kì í dúró sí awọ ara rẹ̀, ó máa ń tètè gbẹ. Nǹkan díẹ̀ báyìí, ó ti ń yún un."

"Ṣé ó máa lọ pátápátá?"

"Ó lè lọ bó bá ń dàgbà, ó sì lè máa pa dà wá. Àmọ́ a lè kápá ẹ̀."

Ó ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ìpara akirità, torí òun ló sọ awọ ọmọ di fẹ́lẹ́. Ó fún wọn ní oògùn egbò, ó sì kọ̀wé sí dókítà awọ ara ní ìlú Ho, nítorí èyí ti kọjá ìpara nìkan. Ó bá olùkọ́ Esenam sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, pé kó jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé kì í ràn.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Àpá ṣì wà, ọyẹ́ sì tún mú ìyúnra díẹ̀ wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Esenam ti ilé ìwé dé, eruku ampe tó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bò ó lẹ́sẹ̀, ó sì sùn lọ lórí ẹní. Dzigbordi jókòó tì í, ó ń wo ọwọ́ méjèèjì tí kò họ nǹkan kan. Ó pẹ́ tó ti ń retí àtirí i bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi wẹ̀ àwọn ọmọ tó ní ẹ́síìmà, kó má pẹ́. Ọṣẹ tí kò ní òórùn dídùn ló dára. Ẹ fi aṣọ tẹ ara wọn gbẹ, ẹ má fi í gbo ó, kí ẹ sì fi fasilíìnì pa á kí ọ̀rinrin tó lọ, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kódà bí kò bá yún. Ẹ gé èékánná wọn. Ìpara oògùn, iye ọjọ́ tí dókítà bá sọ ni kí ẹ fi lò ó. Bí ojú egbò bá ń ṣomi tàbí tí ibà bá dé, ẹ má dúró sílé, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá fún ọmọ yín: ẹ́síìmà kì í ràn.