Ewé Àgógo Igún Inú Ìwé

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò bù mọ́ ọn, mi ò sì bù kúrò níbẹ̀. Waliyah tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì ń gbé ní Lásúnwọ̀n, ní Ìkòròdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ya àwòrán mọ́.

Àwòrán ewé ló ń yà jẹun nígbà náà. Wọ́n ní Alhaja Mùsílímátù tó wà ní Ẹ̀pẹ́ ní ìwé kan tí bàbá rẹ̀ ya oríṣiríṣi ewé sí. Apẹja ni bàbá náà, àmọ́ ó máa ń wo egbò. Waliyah gbéra lọ wò ó. Ó fi Salman, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀. Egbò ẹsẹ̀ ọmọ náà kọ̀, kò jinná. Dókítà ti ń dárúkọ gígé ẹsẹ̀.

Ọ̀sán gangan ló dé Ẹ̀pẹ́. Alhaja ṣí ìwé náà fún un ní pálọ̀. Àgógo igún ni: ewé rẹ̀ hunjọ, òdòdó rẹ̀ funfun, ó tẹ̀ bí ẹnu igún. Bàbá ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Fún egbò tó kọ̀. Ká gún un, ká fi lẹ̀ ẹ́."

"Ka ewé rẹ̀ kó o tó yà á," Alhaja wí. "Bàbá mi ló pa á láṣẹ."

"Kí ló dé, mà?"

Alhaja dìde. Ó lọ ṣe àlùwàlá.

Waliyah kà á. Mẹ́sàn-án. Ó mú pẹ́ńsù. Kò síná, fáànù ò yí. Ilé dákẹ́. Ọ̀sà pàápàá dákẹ́.

Pẹ́.

Bí ìgbà tí èèyàn já ewé. Ó wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan.

Pẹ́.

Òórùn ewé tútù gba pálọ̀ kan. Ó wo ìwé.

Ewé méje.

Ó fọwọ́ kan ibi tí méjì ti kúrò. Oje lẹ̀ mọ́ ọn níka.

Fóònù dún. Ìyá rẹ̀ ni.

"Waliyah, ta lo rán wá wo ọmọ yìí?"

"Mi ò rán ẹnikẹ́ni, Màámi."

"Mo tilẹ̀kùn. Ọmọ ń sùn. Kí n tó yíjú, ewé gígún ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ṣì tutù."

"Egbò náà ńkọ́?"



"Ó ń jinná. Ó ń pa dé lójú mi báyìí."

Waliyah bú sẹ́kún. Alhaja wọlé, omi ń kán lápá rẹ̀. Ìwé ló kọ́kọ́ wò.

"Ewé mélòó ló já?"

"Méjì, mà."

"Ọmọ mélòó lo ní?"

"Òun nìkan."

"Ewé kan, egbò kan ni." Alhaja pa ìwé dé. Kò wo ojú rẹ̀ mọ́.

"Máa lọ sílé. Rọra o."

Inú ọkọ̀, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ni nǹkan tútù kan ti kàn án lábẹ́ hìjáábù. Ó fọwọ́ wá a. Ewé gígún ni. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́rùn dáadáa, nísàlẹ̀ etí òsì.

Kò sí egbò níbẹ̀.

Títí di òní, kò tíì sí.