Ọkàn Amọ̀ Lórí Òṣùwọ̀n

Àlejò kan ti jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nígbà tí mo yíjú kúrò lára pátákó ìkọ̀wé. Mi ò gbọ́ kí ilẹ̀kùn dún. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òórùn yàrá tí wọn kì í ṣí sì ń jáde lára aṣọ rẹ̀. Mo rò pé alábẹ̀wò ilé ìwé ni. Oṣù kẹta nìyí tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama, tí wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, ojú àlejò sì máa ń tì mí. Mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Mo ní, ní Íjíbítì àtijọ́, òrìṣà olórí ajá ló máa ń wọn ọkàn òkú. Yóò fi ìyẹ́ abo òrìṣà òtítọ́ sí apá kejì òṣùwọ̀n; ọkàn tó bá wúwo ju ìyẹ́ náà lọ, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni olúwa rẹ̀, yóò sì gbé. Àwọn ọmọ ti fi amọ̀ mọ ọkàn tiwọn wá. Gbogbo èyí tí a gbé lé òṣùwọ̀n kíláàsì wa ló wúwo ju ìyẹ́ adìẹ tí a fi sí apá kejì lọ.

"Tíṣà, gbogbo wa ti gbé nìyẹn!"

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín tí ọ̀gá ilé ìwé fi wọlé, tó ń fi etí wọ́ ọmọ alágbàfọ̀, ọ̀kan lára àwọn ọmọ kíláàsì mi.

"Òun ló fọ́ dígí fèrèsé mi. Kó kẹ́rù ẹ̀, kó máa lọ sílé pátápátá."

"Èmi kọ́, sà!"

Èmi tí mò ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ ni mo rí ọ̀gá tó fi ìbínú gbá fèrèsé náà dé, tí dígí fọ́ yángá. Àgbàlagbà tó tó bàbá ọmọ! Síbẹ̀, ẹnu mi wúwo.

"Ẹ wọn ti ọmọ yẹn," ni àlejò wí jẹ́jẹ́.

Mo gbé ọkàn amọ̀ rẹ̀ lé e. Ìyẹ́ ló lọ sílẹ̀. Amọ̀ gòkè.

Àwọn ọmọ dìde láti wò ó.

"Ti ọ̀gá ńkọ́?" ni àlejò tún bi mí.

Mi ò tíì gbé nǹkan kan lé e. Mo ṣáà gbé ti ọmọ náà kúrò ni, àwo òṣùwọ̀n tó ṣófo náà já lu tábìlì. Nínú rẹ̀ la ti ń gbọ́ ìró bí ọkàn tó ń lù: gbì, gbì, gbì.

Ọ̀gá di àyà mú. "Irú idán wo rèé?"

"Tìẹ ńkọ́, tíṣà?"

Ojú àlejò kò ṣẹ́ nígbà tó ń wò mí. Mo kọjú sí ọ̀gá.

"Ẹ̀yin lẹ fọ́ ọ, sà," mo ní. "Mo rí yín. Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀!"

Ọwọ́ ọ̀gá bọ́ kúrò létí ọmọ náà.

Àlejò dìde, ó ki ọwọ́ bọ inú àwo, ó sì di ìkúùkù. Àwo náà gòkè. Gbì, gbì náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá na ọwọ́ sí i bí ọmọ tí wọ́n gba nǹkan rẹ̀.

Àlejò ṣílẹ̀kùn, ó jáde; òjìji orí ajá ló tẹ̀lé e lára ògiri.